Ẹ Yé Fi Àwòṣe Àṣesílẹ̀ Bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́

Bí o bá bi ọ̀dọ́ tó ń ṣe ìkànnì fún àwọn oníṣòwò ní Ouagadougou bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, ìdáhùn tí wàá gbà kò yàtọ̀ sí èyí tí wàá gbà ní Èkó, ní Kútọnu tàbí ní Lomé: ra àwòṣe àṣesílẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ń pè ní template, gbé e wọlé, tẹ bọ́tìnnì kan kí gbogbo ojú-ewé rẹ̀ yọ, pààrọ̀ orúkọ àti àmì ilé iṣẹ́, kí o sì gba owó rẹ. Ohun tó bá kù lẹ́yìn ìyẹn, àtúnṣe kékeré ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníbàárà ṣe ń bèèrè rẹ̀, àwọn tó sì ka ara wọn sí ọlọ́gbọ́n ti gbà pé ọ̀nà àbùjá tó dára jù lọ nìyẹn fún ìlú tí owó kò pọ̀ nínú rẹ̀. Èmi ò gbà. Ohun tí wọ́n ń pè ní àtúnṣe kékeré yẹn gan-an ni iṣẹ́. Ẹni tó bá fi àwòṣe bẹ̀rẹ̀ ti da iṣẹ́ náà dorí kodò.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí àwòṣe yìí jẹ́ fún ẹni tí kò bá wọn da nǹkan pọ̀ rí. WordPress, ètò tí wọ́n fi ń kọ́ ìkànnì, jáde ní oṣù Karùn-ún 2003. Lónìí, ó lé ní ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá gbogbo ìkànnì ayé tó ń lò ó. Bí ètò náà ṣe ń gbilẹ̀ ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ta ojú tí wọn yóò fi bò ó. ThemeForest, ọjà tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, ṣí ní 2008 lábẹ́ Envato, ilé iṣẹ́ kan ní Melbourne ní Australia, èyí tí Shutterstock ti Amẹ́ríkà wá rà ní 2024. Nǹkan bí ọgọ́ta dọ́là ni wọ́n ń ta àwọn àwòṣe tó lórúkọ níbẹ̀. Ti ilé oúnjẹ wà, ti ilé ìwòsàn wà, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ilé ìtajà, ti áàpù tí wọ́n fi ń pe takisí. O gbé e sórí ìkànnì rẹ, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan odindi ilé ìtajà yọ sójú rẹ, pẹ̀lú ọjà tí kì í ṣe tìrẹ, òṣìṣẹ́ tí o kò mọ̀ rí tó ń rẹ́rìn-ín sí ọ, àti ọ̀rọ̀ Látìn tí wọ́n fi dí àyè tó ṣófo. Inú oníbàárà á dùn. Ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tó rí ti jọ iṣẹ́ tó parí, kò sì sẹ́ni tó máa bèèrè mọ́ bóyá ẹnikẹ́ni ti ronú kan oníṣòwò náà àti àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso. Kò ṣèèṣì di ìlú oníṣẹ́ ọnà. Láti 1988 ni wọ́n ti ń ṣe SIAO níbẹ̀, ọjà ńlá tí àwọn oníṣẹ́ ọnà láti gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ń pàdé sí lọ́dún méjì-méjì, Village Artisanal sì wà níbẹ̀ fún àwọn tó ń fi idẹ, awọ, igi àti òwú ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú oníṣẹ́ idẹ kan nínú wọn tó fẹ́ máa ta ère rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti gbé àwòṣe wọlé fún un. Obìnrin kan ní Tampouy, àdúgbò kan nílùú náà, rí ère ẹlẹ́ṣin kan, ó wù ú, ó tẹ̀ ẹ́ pé òun fẹ́ rà á. Fọ́ọ̀mù yọ.

Orúkọ rẹ. Orúkọ ìdílé rẹ. Orílẹ̀-èdè. Nọ́ńbà ilé àti orúkọ òpópónà. Ìlú. Ìpínlẹ̀. Kóòdù ìfìwéránṣẹ́. Nọ́ńbà fóònù. Ímeèlì. Ìràwọ̀ pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo wọn, èyí tó túmọ̀ sí pé bí o kò bá kọ nǹkan síbẹ̀, o ò ní í kọjá. Ní Ouagadougou, àpótí ìfìwéránṣẹ́ ni lẹ́tà ń lọ, wọ́n á kọ 01 BP àti nọ́ńbà, lẹ́yìn náà Ouagadougou 01. Ilé ọ̀tọ̀, àpótí ọ̀tọ̀. Ní ti ilé fúnra rẹ̀, àdúgbò àti ẹ̀ka ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Láti 2012 ni wọ́n ti pín ìlú náà sí àgbègbè ìjọba méjìlá àti ẹ̀ka márùn-ún-dín-lọ́gọ́ta. Bí obìnrin yìí bá ń júwe ilé rẹ̀ fún ẹni tó ń gun alùpùpù bọ̀, ohun tó máa sọ ni pé, "Tampouy, kọjá mọ́sáláṣí, wọ six-mètres kejì lọ́wọ́ òsì, géètì aláwọ̀ ewé ni, bó o bá ti débẹ̀, pè mí." Six-mètres ni wọ́n ń pe ọ̀nà inú àdúgbò níbẹ̀. Ìjúwe yìí péye. Alùpùpù á dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí àyè kankan fún un nínú fọ́ọ̀mù náà. Obìnrin náà á kọ "x" síbi òpópónà, á kọ òdo márùn-ún síbi kóòdù, kí ìràwọ̀ pupa lè jẹ́ kó sinmi. Oníṣẹ́ idẹ á gba ìwé ìránnisọjà tí "x" àti òdo kún inú rẹ̀. Gbogbo ohun tó nílò kí ère yẹn tó lè kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn àmì tí wọ́n fi ń dá àdúgbò mọ̀ àti nọ́ńbà fóònù kejì, kò sí níbẹ̀.

Àwọn kan á dáhùn pé ìlú náà ló yẹ kó tún ara rẹ̀ ṣe, kó ní nọ́ńbà ilé bí àwọn ìlú tó ti gòkè àgbà. Èrò yìí bí mi nínú gidigidi. Nígbà tí Rood Woko, ọjà ńlá àárín Ouagadougou, jóná ní oṣù Karùn-ún 2003, ọdún 2009 ni wọ́n tó tún un ṣí. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́fà, àwọn oníṣòwò tó wà láàárín ọjà ńlá náà fọ́n ká sí ẹ̀bá títì àti àdúgbò, síbẹ̀ wọ́n ń tajà, oníbàárà sì ń rí wọn, nítorí pé èèyàn ń bèèrè lọ́wọ́ èèyàn. Ìlú tó mọ bí a ti ń wá ara ẹni rí bẹ́ẹ̀ kò níláti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ fọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe fún àdúgbò kan ní ìlú Melbourne. Fọ́ọ̀mù ló yẹ kó kọ́ bí ìlú ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ obìnrin wa. Ó ti dé ibi nọ́ńbà fóònù. Nọ́ńbà mẹ́jọ ni ti Burkina Faso lẹ́yìn 226. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Abidjan, nọ́ńbà mẹ́wàá ni tiẹ̀ láti ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 2021. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Kútọnu, mẹ́wàá ni tirẹ̀ náà láti ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 2024, nígbà tí ìjọba Benin ní kí gbogbo ènìyàn fi 01 ṣáájú. Ará Abidjan àti ará Kútọnu wà lára àwọn tó máa ń ra idẹ Ouagadougou. Àwòṣe tí wọ́n kọ òfin nọ́ńbà fóònù sínú rẹ̀ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn á máa sọ fún wọn pé nọ́ńbà tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ kò tọ̀nà. Ẹni tó ṣe àwòṣe náà kò gbọ́ nípa ìyípadà yìí. Kí ló fẹ́ gbọ́ ọ fún? Òun kọ́ ni wọ́n ń pè nígbà tí ọjà kò bá dé.

Iye owó wá kàn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fáráǹkì ni ère náà. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Ouagadougou ni 15 000 F, wọ́n á fi àlàfo sáàárín. Àwòṣe kọ ọ́ ní 15,000.00. Ẹni tó ka ìwé ní èdè Faransé mọ̀ pé kọ́mà ni wọ́n fi ń ya owó kúrò lára ìdá rẹ̀, nítorí náà ojú rẹ̀ lè rí fáráǹkì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbi tí wọ́n kọ ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí. Òdo méjì tó kẹ́yìn yẹn kò tilẹ̀ nítumọ̀ kankan, torí kò sẹ́ni tó ń ná ìdá fáráǹkì sẹ́fà lọ́jà kankan láti Dakar dé Niamey. Nǹkan kékeré ni, àbí? Bí ìyá kan bá rò pé ẹ̀tàn wà nínú iye owó, kò ní í dúró bèèrè. Á pa á dé, á sì lọ.

Bó bá sì dúró, ibi ìsanwó ni wọ́n máa ti tì í jáde. Káàdì ilé ìfowópamọ́ tàbí PayPal ni àwòṣe ń bèèrè, ibi tí wọ́n ti to Stripe, ilé iṣẹ́ tó ń gba owó káàdì, sí ti wà ní sẹpẹ́, bẹ́ẹ̀ Stripe kì í gba oníṣòwò tó wà ní Burkina Faso. Orí fóònù ni owó ń gbà ní Ouagadougou, nípasẹ̀ Orange Money àti Moov Money. Ẹni tó ń ta ẹ̀pà pàápàá mọ *144#, kóòdù Orange Money. Bí wọ́n ṣe ń sanwó lọ́nà yìí yàtọ̀ pátápátá sí bí wọ́n ṣe ń fi káàdì san án: oníbàárà á kúrò lójú ìkànnì, á tẹ kóòdù lórí fóònù rẹ̀, á gba ìdáhùn, á padà wá. Láàárín ìyẹn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ, ìpè lè wọlé, ojú-ewé lè ti ara rẹ̀. Ìkànnì tí wọ́n ṣe fún ibẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dúró de èèyàn, kó rántí ohun tó fẹ́ rà nígbà tó bá padà dé, kó sì ní àyè tó lè kọ ọ́ sí pé òun ti san, nọ́ńbà ìdáhùn rẹ̀ rèé. Àwòṣe kò mọ ìdúródeni. Bí àkókò bá kọjá, ó lè da gbogbo rẹ̀ nù.

Èyí tó tún wá dùn mí jù ni pé ọjà fúnra rẹ̀ ti yí padà nínú àwòṣe. Oníṣẹ́ idẹ kì í kó ère ọgọ́rùn-ún jọ síbì kan kó máa retí ẹni tí yóò tẹ bọ́tìnnì. Èèyàn á wá bá a, wọ́n á jọ sọ̀rọ̀, ẹni náà á ní òun fẹ́ kí ẹṣin gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀ sí i, wọ́n á ná an, á san àsansílẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Gbogbo ẹni tó ti rajà ní Ìbàdàn rí mọ̀ pé nínú ìná yẹn ni àjọṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Bọ́tìnnì tí wọ́n kọ "jù ú sínú apẹ̀rẹ̀" sí ti pa gbogbo ìyẹn rẹ́. Ó sọ oníṣẹ́ ọnà di ilé ìkẹ́rù.

Àwọn tó ń jà fún àwòṣe á ní, ṣebí gbogbo èyí ṣe é tún ṣe? Yọ kóòdù ìfìwéránṣẹ́ kúrò, yí owó padà, fi Orange Money sí i. Ẹni tó bá ti gbìyànjú rẹ̀ mọ bó ṣe ń lọ. Kóòdù ìfìwéránṣẹ́ tí o fẹ́ yọ kò dá dúró. Ìṣirò owó ìfiránṣẹ́ ń wò ó, ìwé ẹ̀rí ìsanwó ń wò ó, bí o bá yọ ọ́ níhìn-ín, á bàjẹ́ lọ́hùn-ún. Bí o bá sì ya inú fáìlì àwòṣe náà, tí o tún un kọ, ọjọ́ tí ẹni tó ṣe é bá fi tuntun ránṣẹ́ ni gbogbo iṣẹ́ rẹ máa pa rẹ́. Torí náà ọ̀dọ́ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù tuntun. Kò ní í gbà á wọlé mọ́. Ìbẹ̀rù yìí ló máa wá ṣí ìlẹ̀kùn fún olè.

Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ó ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2011, wọ́n rí i pé TimThumb, ètò kékeré kan tó ń gé àwòrán sí ìwọ̀n, ní ihò tí olè lè gbà wọlé. Inú àwòṣe lóríṣiríṣi ni ètò náà wà, ọ̀pọ̀ ẹni tó ra àwòṣe wọ̀nyí kò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ní 2014, ó kan Slider Revolution, ohun tó ń mú kí àwòrán máa yí lójú-ewé. Àwọn tó ṣe é ti dí ihò náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rà á fúnra wọn. Ẹni tó ta àwòṣe fún wọn ló dì í mọ́ ọn, òun ló sì ni ìwé àṣẹ rẹ̀, nítorí náà àtúnṣe kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ohun tí wọ́n pè ní SoakSoak gba ibẹ̀ wọlé, Google sì to ìkànnì tó lé ní 11,000 mọ́ àwọn tí kò yẹ kí èèyàn ṣí. Bó ṣe rí fún àwọn tó sanwó nìyẹn. Ẹni tí kò ní káàdì tí yóò fi san ọgọ́ta dọ́là ńkọ́? Á wá ẹ̀dà tí wọ́n ti já títìpa rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pín kiri lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2019, Wordfence, ilé iṣẹ́ tó ń ṣọ́ WordPress, kọ ìròyìn gígùn lórí WP-VCD, kòkòrò kan tí irú àwọn ẹ̀dà ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbé wọ inú ìkànnì. Bí ó bá ti wọ ọ̀kan, á ran àwọn tó jọ wà lórí sáfà kan náà. Oníṣẹ́ idẹ wa kò mọ gbogbo èyí. Ó kàn máa jí lọ́jọ́ kan ni, ìkànnì rẹ̀ á ti máa polówó oògùn.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún ìwé òfin orílẹ̀-èdè Burkina Faso ṣe ní ìparí 2023, èdè abínibí ilẹ̀ náà ti di èdè ìjọba, Faransé ti di èdè iṣẹ́. Mooré, ọ̀kan nínú àwọn èdè abínibí yìí, ní àwọn lẹ́tà bíi ɩ, ʋ àti ẽ. Irú lẹ́tà tí àwòṣe mú wá, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò ní wọn. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kan náà á pín sí méjì lójú-ewé: apá kan nínú lẹ́tà tó gún régé, apá kejì nínú lẹ́tà mìíràn tí fóònù yá wá láti ibòmíràn, á rí kíṣikìṣi. Àwa Yorùbá mọ ìyà yìí dáadáa. Ẹ gbé àwòṣe kan wọlé, ẹ kọ "Ẹ káàbọ̀" gàdàgbà sí òkè rẹ̀, kí ẹ wá wo àmì ohùn tó wà lórí ọ̀ tó kẹ́yìn. Nínú Unicode, ìlànà tí gbogbo kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ọ tó ní àmì lábẹ́ jẹ́ ẹyọ kan, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan ṣoṣo fún ọ tó tún ní àmì ohùn lórí. Méjì ni wọ́n so pọ̀. Bí ẹni tó ya irú lẹ́tà náà kò bá ti ṣe ibi tí àmì ohùn máa jókòó sí, àmì náà á ṣí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á gun orí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, tàbí kó kàn máa fò lófuurufú. Kí ni àwọn ọmọ wa wá ń ṣe? Wọ́n ń yọ àmì. Wọ́n pa èdè dà kí àwòṣe lè dúró. Ìtìjú ni.

Ó sì ṣeé ṣe kí ó rí bó ṣe yẹ. Nígbà tí Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ YorubaName.com ní 2015, láti ṣe ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá sórí íntánẹ́ẹ̀tì, orí orúkọ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń pè é, bí ẹni tí kò ní bọ́tìnnì àmì ohùn ṣe máa rí i. Wọ́n tilẹ̀ tún ṣe àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá tí ẹnikẹ́ni lè gbé sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí àwòṣe ìwé atúmọ̀ kankan ní Melbourne tó máa rán ẹnikẹ́ni létí ìyẹn.

Mo lè máa bá a lọ. Ìkànnì fóònù tó wọ́pọ̀ láyé báyìí ti wúwo ju mẹ́gábáìtì méjì lọ lójú-ewé kan, àwòṣe tó ń gbé àwòrán yíyí àti fídíò kiri sì máa ń wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, ní orílẹ̀-èdè tí kò bá òkun pààlà, tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń gba ilẹ̀ àwọn aládùúgbò kọjá kó tó dé, tí ará ìlú ń ra dátà díẹ̀díẹ̀. Ojú-ewé àṣírí tó bá àwòṣe wá ń sọ òfin ilẹ̀ Yúróòpù lórí ìdáàbòbò ìsọfúnni àwọn èèyàn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, bẹ́ẹ̀ Burkina Faso ti ṣòfin tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà láti 2004, ó sì tún un ṣe ní 2021, CIL ni ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó o. Oníṣòwò wá ń ṣèlérí lábẹ́ òfin tí kò kàn án, ó fi èyí tó kàn án sílẹ̀.

Wọ́n á ní owó ńkọ́. Ẹ̀sùn tó lágbára jù nìyẹn, mi ò sì ní í fò ó. Wọ́n ní oníṣẹ́ idẹ kò lówó tí yóò fi gba ẹni tí yóò kọ ìkànnì fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni pé kò lówó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọgọ́ta dọ́là yẹn ń rà. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní Lyon ra àwòṣe kan náà: òpópónà rẹ̀ ní orúkọ, kóòdù rẹ̀ wà, káàdì wà lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀, lẹ́tà èdè rẹ̀ pé. Iye yẹn ra iṣẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí fún un. Oníṣẹ́ idẹ Ouagadougou san iye kan náà, ara ìta ló rà. Gbogbo ibi tí ọwọ́ oníbàárà ti máa kàn án ló ṣì kù láti ṣe, ó sì tún máa sanwó fún yíyọ ohun tí kò wúlò kúrò. Tálákà ló ń san jù lórí ọjà yìí. Kí wọ́n má sọ fún mi mọ́ pé tálákà ni wọ́n ń ṣàánú.

Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ èèyàn; bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Àwọn alátakò mi á ní kí n lọ hun aṣọ fúnra mi nígbà náà, kí n kọ gbogbo ètò láti orí dé ẹsẹ̀. Rárá. Mi ò bá yíyá jà. WordPress fúnra rẹ̀, ohun àyálò ni. Èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, sáfà tó gbé e, ohun àyálò ni gbogbo wọn, ọpẹ́ ni fún àwọn tó ṣe wọ́n tí wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ fún aráyé. Ohun tí mo ń bá jà ni ohun tí wọ́n fi ṣáájú. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ ṣe ìkànnì fún oníṣẹ́ idẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó tì í lójú iṣẹ́ rẹ̀, kó wo bí ẹni mẹ́ta ṣe ń wá rajà, kó gbọ́ ohun tí wọ́n ń bi í, kó wo bí owó ṣe ń dé ọwọ́ rẹ̀ àti bí ẹrù ṣe ń kúrò. Kó kọ ìyẹn sínú ìwé. Lẹ́yìn náà kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ojú-ewé kan ṣoṣo: àwòrán ère, iye owó bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nílùú, nọ́ńbà WhatsApp, àyè fún àdúgbò àti àmì tí wọ́n fi ń dá ilé mọ̀, àti bí wọ́n ṣe ń fi Orange Money ránṣẹ́. Kó fi ohùn oníṣẹ́ náà sí i ní Mooré, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà níbẹ̀ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ju bí wọ́n ṣe ń kà á lọ. Ojú-ewé bẹ́ẹ̀ kò wúwo, kò ní ihò púpọ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ náà sì lè ṣe é. Bó bá ti ń ṣiṣẹ́, kó wá lọ yá ohunkóhun tó bá wù ú láti fi ṣe é lẹ́wà.

Ohun tí àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí ń fi àwòṣe gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa ju owó lọ. Wọ́n ń sọ fún ọ̀dọ́ tó gbọ́n pé ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù, èwo ni ká bi èèyàn, èwo ni ká fi ìràwọ̀ sí, ẹlòmíràn ti dáhùn rẹ̀ fún un, kí ó kàn yan àwọ̀. Ọmọ tó mọ gbogbo six-mètres ìlú rẹ̀ lórí, tó mọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ná ọjà, wá jókòó ó ń fi àwọ̀ ṣeré. Ìmọ̀ tó ní yẹn, kò sí ẹni tó ń tà á ní ThemeForest, kò sì sí iye tí èèyàn lè rà á.

Ẹ̀yin oníṣòwò, yálà Ouagadougou ni ẹ wà tàbí Ìbàdàn, nígbà tí ẹni tó ṣe ìkànnì yín bá wá gba ìyókù owó rẹ̀, ẹ má ṣe wo iṣẹ́ náà lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ẹ gba fóònù ìyá yín, tàbí ti ẹni tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ fi dátà tó wà lórí rẹ̀ ṣí ìkànnì náà, kí ẹ ní kó ra nǹkan kan títí dé ibi ìsanwó. Bí kò bá rà á tán, iṣẹ́ kò tíì parí. Ẹ má sanwó.